Kúbùsù Aláwọ̀ Eérú

Nígbà tí ìwé àwọn olóòtú tẹ̀ mí lọ́wọ́, pé kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí ayẹyẹ ilé-ìwé wa, ọ̀rọ̀ ìyànjú lórí ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n béèrè fún. Mo rẹ́rìn-ín. Àlùfáà tí yóò jókòó kọ̀wé lórí ìrẹ̀lẹ̀ dà bí ẹni tí ń lu agogo káàkiri ìlú pé òun ti sùn. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń sùn nínú yàrá tí àwa náà ti sùn rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìyànjú sílẹ̀ ná. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, apá kan nínú ọgbà ilé-ìwé yìí, apá kejì lẹ́yìn tí mo ti di ẹni tí ń wọ kọ́là àlùfáà. Nínú ti àkọ́kọ́, ìtìjú ni ó mú mi ṣe ohun tí ó tọ́. Nínú ti ìkejì, mo mọ ohun tí ó tọ́ dáadáa, n kò sì ṣe é.

Ìparí oṣù Kínní ọdún 1973 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kejì. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà mọ bí ọyẹ́ ti máa ń mú lórí òkè wa. Bí agogo ìjí bá lù ní ìdájí, omi inú garawa a máa ta ni lára bí abẹ́rẹ́, ètè gbogbo wa a là, ẹni tí kò bá sì ní òrí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tí ó ń ta epo pupa, ti ra kúbùsù kan fún mi kí n tó wọlé ní sáà náà: kúbùsù aláwọ̀ eérú tí ó ní ìlà pupa méjì ní ìṣẹ́tí. Àwìn ni ó rà á. Ó fi òwú funfun rán lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ mi sí igun rẹ̀. Ìyá mi kò mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó fi ṣọ́ọ̀kì fa lẹ́tà náà fún un, tí òun wá fi abẹ́rẹ́ tọ̀ ọ́, ó sì yí aṣọ náà padà nígbà tí ó ń rán an, tí lẹ́tà náà fi kọ ẹ̀yìn síbi tí ó yẹ kí ó kọjú sí. Àwọn ọmọ yàrá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kúbùsù náà pòórá. Mo wá a títí, n kò rí i. Ìró ìyá mi kan tí ó ti gbó ni mo fi ń bora fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo ń ká eékún mọ́ àyà bí ọmọ ajá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí a ń sá ibùsùn sóòrùn, mo rí igun kan tí ó yọ lábẹ́ ibùsùn ọmọkùnrin kan nínú ilé tiwa gan-an. Mo rí lẹ́tà òdì náà. Ọmọ yìí kò ní bàbá mọ́. Àpò kòkó tí wọ́n tú ojú rán rẹ̀ ni ó gbé wá sí ilé-ìwé láti fi bora. Gbogbo wa ni a mọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n a mọ̀.

N kò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì dúró di òru, nígbà tí ó ti sùn lọ fọnfọn lábẹ́ kúbùsù mi, a sì da garawa omi tútù kan lé e lórí. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn wá. Ọmọ náà kò ké. Ó dìde, ó fún aṣọ rẹ̀, ó sì jókòó sórí irin ibùsùn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ibà sì dá a gúnlẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àwọn aláìsàn, òun àti kúbùsù tí ó ti gbẹ.

Alábòójútó ilé wa, tí ó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ojú ilẹ̀ ayé, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pè mí sí yàrá rẹ̀. Mo ti múra fún pàṣán. Ó béèrè pé, “Ta ni ó ni kúbùsù yẹn?” Mo ní, “Èmi ni, sà.” Ó ní kí n sọ àmì rẹ̀, mo sọ ọ́. Ó mi orí. “Tìrẹ ni lóòótọ́. Òun ni ó jí i. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán ní ìwé kíkà alẹ́, lọ gbà á. Ara rẹ̀ ni ó wà. Fi ọwọ́ ara rẹ ká a kúrò.” Ó sì padà sórí ìwé tí ó ń yẹ̀ wò.

Mo lọ. Àtùpà kan ṣoṣo ni ó wà nínú yàrá náà. Ọmọ náà ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Bí ó ti rí mi, kò dúró kí n sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúbùsù náà kúrò lára rẹ̀, ó ká a dáadáa ní mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa, ó sì nà án sí mi. N kò lè gbà á. Mo ní, “Fi sílẹ̀,” mo sì yí padà. N kò sọ fún un pé mo dárí jì í, nítorí n kò dárí jì í. Ojú ni ó tì mí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé ìwà Kristẹni ni mo hù ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ó dákun rántí garawa omi.

Nígbà tí ìsinmi dé, ìyá mi béèrè kúbùsù. Mo ṣàlàyé. Mo rò pé yóò yìn mí, nítorí pé ìyá ìjọ ni, kì í pa ìsìn jẹ. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. “Wọ́n jí i, o rí i, o sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó jí i? Ṣé Jésù ni yóò bá mi san owó àwìn náà?” Ó di oṣù Kẹfà kí ó tó san gbèsè náà tán, ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, láti inú èrè epo. N kò rí ìdáhùn fún un ní ọjọ́ náà. Mo ti wàásù lórí ẹ̀kọ́ yìí níye ìgbà tí n kò lè kà mọ́, n kò sì tíì rí ìdáhùn náà tán. Àwa oníwàásù máa ń gbàgbé pé ẹni tí ó jọ̀wọ́ ẹ̀wù kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó rà á.

Ọmọkùnrin náà kò padà wá ní kíláàsì kẹta. Wọ́n ní owó ilé-ìwé ni. N kò tún fi ojú kàn án mọ́.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tí alábòójútó ilé wa ṣe fún mi. Mo wà ní Immanuel College ní Ìbàdàn nígbà náà, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà. Olùkọ́ wa fẹ́ kọ́ wa ní Mátíù orí karùn-ún, ṣùgbọ́n ó ní kí a kọ́kọ́ ṣí Ẹ́kísódù orí kejìlélógún. Níbẹ̀ ni òfin Mósè ti pàṣẹ pé bí ẹnìkan bá gba aṣọ ìlékè ọmọnìkejì rẹ̀ ní ohun ìdógò, ó gbọ́dọ̀ dá a padà kí oòrùn tó wọ̀, nítorí òun ni tálákà náà yóò fi bora sùn. Òfin mọ̀ pé gbèsè jẹ́ gbèsè. Ó tún mọ̀ pé òtútù òru kì í bá ẹnikẹ́ni ṣírò owó. Nígbà tí Olúwa wa wá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń fi ẹjọ́ gba ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, tí Ó ní kí a fi aṣọ ìlékè kún un, ohun tí òfin pàápàá kò gbà kí ayánilówó gbà mọ́jú ni Ó ń sọ pé kí ọmọ-ẹ̀yìn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda. Mo jókòó nínú kíláàsì, mo sì rí ọmọ kan tí ó ń ká kúbùsù ní mẹ́rin. Olùkọ́ ojú ilẹ̀ ayé ni alábòójútó wa, ṣùgbọ́n ó ka Ẹ́kísódù.

Olùkọ́ wa tún fi hàn wá pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún gan-an ni Mátíù dárúkọ. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹni tí ó bá wà nítòsí yín, ní pẹ̀lẹ́: ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbá yín létí, ẹ̀gbẹ́ òsì ni yóò bà, àfi bí ó bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá yín. Àbàrá ẹ̀yìn ọwọ́ kì í ṣe ti ìjà, ti ìwọ̀sí ni, irú èyí tí ọ̀gá ń gbá ẹrú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó tẹ̀ lé àlàyé yìí, bí kò tilẹ̀ ṣe gbogbo wọn. Ní ti máìlì kejì, àwọn ọmọ-ogun Róòmù a máa fi tipá mú ará ìlú kí ó ru ẹrù fún wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Mátíù lò níbẹ̀ ni ó tún lò nígbà tí wọ́n fi tipá mú Símónì ará Kírénè kí ó ru àgbélébùú. Bàbá bàbá mi kò gbọ́ Gíríìkì, ṣùgbọ́n ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní ìgbà èwe rẹ̀ wọ́n fi í ru ẹrù ajẹ́lẹ̀ òyìnbó láti ìlú dé ìlú, a sì máa tẹ orí ba láti fi àtàrí rẹ̀ hàn wá, níbi tí irun kò hù sí mọ́.

Mo ní láti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ nítorí àwọn òbí. Ẹni tí a gbá létí ni a sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí fún. A kò sọ ọ́ fún ẹni tí ń gbá ènìyàn létí, pé kí ó máa fi í pa ẹnu ẹlòmíràn mọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ẹsẹ yìí dá aya tí ọkọ ń lù padà sínú ilé tí wọ́n ti ń lù ú. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, n kò ní orúkọ mìíràn fún un. Bí ọmọ yín bá sì sọ fún yín pé àwọn ọmọ kíláàsì òkè ń fi ìyà jẹ òun, ẹ má ṣe wàásù fún un. Ẹ wọ ọkọ̀, kí ẹ wá rí ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹni tí mo máa ń rántí bí mo bá ń wá ìyàtọ̀ láàrin àìgbẹ̀san àti ojo ni Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Gbogbo wa ni a kọ́ ìtàn rẹ̀ nínú ọgbà yìí: bí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, bí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, bí ó ti tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, àti bí wọ́n ti yà á sí mímọ́ ní bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọdún 1864. Ibi tí àwọn olùkọ́ wa máa ń sáré kọjá ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tí CMS rán wá sí Odò Ọya jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ní Oníṣà. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn àlùfáà àti òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí bíṣọ́ọ̀bù nínú ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ báyẹn.

Kò fi èébú dá wọn lóhùn. Kò sì dákẹ́. Ó sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ṣe kò tọ́, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891, ó kú ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1892 ni àwọn ìjọ Délítà, tí ọmọ rẹ̀ Dandeson jẹ́ olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bùkátà ara wọn, láìya ara wọn kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ó wá di oṣù Kẹfà ọdún 2014, ní Canterbury kan náà, kí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby tó tọrọ àforíjì ní gbangba nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti ọdún 1890. Ẹ má ṣe gbọ́ lẹ́nu mi, nítorí náà, pé ẹni tí kò bá gbẹ̀san yóò rí èrè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó yẹ kí n dúró síhìn-ín, kí olóòtú fi fọ́tò mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi náà láàrin àwọn olóyè, ọ̀jọ̀gbọ́n àti adájọ́ tí ìwé yìí yóò kún fún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù.

Bàbá mi kú ní ọdún 1996, ó sì fi púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí ó jáde ní ìlú wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ta ọ̀kan nínú rẹ̀ láìsọ fún mi. Òun ni ó fi kẹ̀kẹ́ gbé mi wá sí ilé-ìwé yìí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí òun ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, tí àpótí mi wà lórí rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ẹbí ni. Mo ní ilẹ̀ bàbá mi ni, ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ẹbí bẹ̀ mí. Mo gbé e lọ sí kóòtù.

Ọdún méje ni a fi rìn ín. Nínú ọdún méje náà, Mátíù orí karùn-ún yípo dé nínú ètò ìwé kíkà ìjọ, mo sì gun àga ìwàásù, mo wàásù rẹ̀, ahọ́n mi kò kọ́lọ̀lọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìdájọ́ òdodo ni mo ń jà fún. Bóyá apá kan rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé mi kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí ní òru, kì í ṣe ilẹ̀ ni mo máa ń rí. Mo máa ń rí ẹ̀gbọ́n mi tí ó dojú bolẹ̀ níwájú mi lójú gbogbo ẹbí. Ohun tí mo ń ná owó lọ́yà lé lórí nìyẹn.

Mo jàre. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ. Ẹ̀gbọ́n mi ta oko kòkó rẹ̀ láti dá owó padà fún ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Kò wọ ilé mi mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 2011. Mo wọ aṣọ àlùfáà lọ sí ìsìnkú rẹ̀. Ẹnìkan ní kí n wá gbàdúrà lẹ́bàá sàréè. Àkọ́bí rẹ̀ súnmọ́ mi, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́: “Bàbá Àlùfáà, ẹ ṣeun. Ẹlòmíràn yóò gbà á.” Mo padà sẹ́yìn, mo dúró láàrin àwọn tí wọ́n wá kó àga tí wọ́n fi yá wọn. Òwe tí ó sọ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n, mo ti ń pa á láti kékeré. Ẹ̀yìn àga yẹn ni mo ti gbọ́ ọ.

Koríko ni ó wà lórí ilẹ̀ náà títí di òní. N kò fi búlọ́ọ̀kì kan kan ibẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ kó ìwé púlọ́ọ̀tì náà lọ fún opó ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé kí ni èmi yóò sọ fún àwọn ọmọ tiwa, tí ọ̀kan nínú wọn ń san owó ilé gọbọi ní Èkó. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. A pe àwọn ọmọ, a sì sọ ọ́ fún wọn. Àwọn méjì gbà. Ẹ̀kẹta ní kí n ṣe bí ó ti wù mí, ohùn rẹ̀ kò sì dùn.

Mo lọ. Opó náà fi omi tútù pàdé mi, ó sì kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. Mo ní, “Ìyàwó, kì í ṣe ìwọ ni ó yẹ kí o kúnlẹ̀.” Mo dọ̀bálẹ̀. Orúnkún mi kò dára mọ́, kò sì yá. Ó fò dìde: “Háà, ọkọ mi, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi!” Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo wá jẹ́wọ́, títí kan oko kòkó, mo sì gbé àpò ìwé náà sórí tábìlì. Ó wò ó. Kò fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí mo fẹ́ lọ, ó gbé e fún mi padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Ẹ mú un dání ná. Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.”

Láti ìgbà náà, mo máa ń pè é lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ó máa ń béèrè orúnkún mi. Èmi a béèrè àwọn ọmọ. Kò tíì dárúkọ ilẹ̀, èmi náà kò sì tíì bi í.